Ọjọ́bọ̀ Mẹ́tàlá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọkùnrin náà, orí fóòmù ló dùbúlẹ̀ sí láàárín ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó di ojú, tépù ìwọnǹkan wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá àgbà kan tó fẹ́ ra fóòmù sì dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.

"Ẹ wo bí ara mi ṣe balẹ̀, ìyá," ló ń wí. "Bí ìgbà téèyàn bá sùn sórí ìkùukùu ni."

"Ṣé ó le?"

"Ó dà bí ọwọ́ abiyamọ lẹ́yìn ọmọ."

"Mo ní ṣé ó le! Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Dókítà ní kí n wá èyí tó le."

N kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí níbẹ̀, àmọ́ ara mi kò gbà á. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ fóòmù náà láti ẹ̀gbẹ́. Mo ní, "Ó le, Mà. Èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn ló rọ̀." Ìyá náà ní kí wọ́n bá òun dì í. Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ la ojú, ó wò mí láti ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyí tó ń bá mi tajà láìgbàṣẹ?"

"Èmi lẹ pè pé kí n wá tún ìkànnì yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe," mo ní. "Mo sì ti rí ohun tó ń ṣe é."

Tépù ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kì í bọ́ tépù yẹn kúrò lọ́rùn, kódà bó bá ń jẹun. Ó mọ fóòmù. Bó bá fọwọ́ tẹ ọ̀kan, á sọ iye ọdún tó máa lò fún ẹ kó tó tẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fẹnu sọ nǹkan kó dé ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi, torí òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń wá nǹkan rà, tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹ̀rọ ìṣàwárí á kó àwọn tó ń tà á jáde, á tò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn èèyàn kì í sábà wò kọjá mẹ́ta mẹ́rin tó wà lókè. Iṣẹ́ mi ni pé kí ẹni tó gbà mí síṣẹ́ wà lára mẹ́ta mẹ́rin yẹn. N kò kọ́ ọ níléèwé. Ọ́fíìsì oníṣègùn eyín ni mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkànnì ọ̀gá mi ń pariwo "ẹ̀rín tó ń tàn bí oòrùn", bẹ́ẹ̀ eyín ríro làwọn èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù wọn. Mo ní kó jẹ́ kí n yí i padà. Mo kọ "eyín ríro", mo kọ "eyín yíyọ", mo kọ "à ń ṣí ní Àbámẹ́ta". Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, kò sí àga tó ṣófo mọ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Mo kọ́ ìyókù fúnra mi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi kò pọ̀, kò sì dùn létí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá yín máa tẹ̀, ẹ má kọ èyí tó wù yín. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ogún lójú ìwé kan. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ń ṣí. Ẹ má ní kí àbúrò yín kọ ìyìn sílẹ̀ bíi pé kọ́sítọ́mà ni. Kí ẹ sì ní sùúrù, torí ó lè gba oṣù mẹ́ta kó tó hàn. Ibi tí mo bá ti dárúkọ sùúrù ni ojú wọn máa ń yí padà. Gbogbo wọn ló fẹ́ wà lókè lọ́la.

Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì, bàbá Tépù, kò yàtọ̀. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní kí n ka ohun tó wà lórí ìkànnì sétí òun.

Mo kà á. "Ìtẹ́ ìsinmi àwọn ẹni iyì, níbi tí oorun ti ń dé adé."

"Kí ló burú nínú ìyẹn?"

"Kí lẹ ń tà, Bàbá?"

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Fóòmù!"

"Mo ti kà á látòkè délẹ̀. Fóòmù ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ò sí níbẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ yín á rò pé oyè lẹ ń tà."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Òun ni ẹ̀gbọ́n Tépù, òun ló ń jókòó sídìí káńtà. Bàbá yíjú sí i, Àǹtí sì pa ẹ̀rín mọ́nú.

"Bàbá ló sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́," Tépù ní. "Adé yẹn, èmi ni mo fi kún un."

"Ó hàn," mo ní.

Bàbá wò mí títí. Ó wá ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Oníṣègùn eyín ló ni Ajé, iléèwé àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà ló ni Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ kan àwọn oníbẹ́ẹ̀dì. N kì í ṣí iṣẹ́ ẹnì kan lọ́jọ́ ẹlòmíì, torí bí mo bá dà wọ́n pọ̀ ni mo máa ń ṣàṣìṣe. Mo sọ ìyẹn fún Tépù. Mo tún sọ fún un pé bí iṣẹ́ bá ti parí, tí wọ́n ti wà lókè, mo ti lọ nìyẹn. "N kì í rántí àdúgbò náà mọ́," mo ní. Àwàdà ni mo fi ṣe. Ó gbé e sọ́kàn.

Ohun mìíràn wà tí mo fi hàn án. Lẹ́yìn ìkànnì, níbi tí kọ́sítọ́mà kì í dé, àpótí kékeré kan wà téèyàn lè fi máàkì sí. Bí máàkì bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣàwárí kò ní mú ìkànnì yẹn jáde fún ẹnikẹ́ni. A máa ń lò ó nígbà tí iṣẹ́ ò bá tíì tán. Mo fi máàkì síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń tún gbogbo ojú ìwé wọn kọ. Lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́, Tépù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fún un ní páásíwọ́ọ̀dù, torí òun láá máa gbé àwòrán fóòmù tuntun síbẹ̀.

"Ṣé gbogbo ayé ti lè rí wa báyìí?" ó bi mí.

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Oṣù mẹ́ta, o ti lọ?"

"Tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀," mo ní. Mo ń wo kọ̀ǹpútà, n kò wo ojú rẹ̀. Ó yẹ kí n wò ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ọ̀sẹ̀. Mo máa ń dé ní aago mẹ́wàá. Tépù á ti gbé fáànù kọjú sí àga mi. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rí i pé mò ń fọwọ́ ra ìbàdí mi. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo bá fóòmù kan lórí àga náà, wọ́n gé e wẹ́kú, wọ́n rán aṣọ sí i. Kò sọ nǹkan kan. Mo jókòó, ẹ̀yìn mi sì gbà pé ẹni yìí gbọ́n. Ká ní ó mọ̀ pé ìyẹn tó! Lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Ìwọ ìràwọ̀ tí ń mú kí òkùnkùn tijú."

Mo dá a lóhùn pé: "Ṣé ìkànnì ò ṣí ni?"

Bàbá mi náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún ìyá mi nígbà tó ń lọ. Nítorí náà, bí ọkùnrin bá ti ń pè mí ní ìràwọ̀, bàtà mi ni mo máa ń wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ keje, ó ní òun fẹ́ fi mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé fóòmù lọ fún kọ́sítọ́mà gbé mi délé. A ò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ti ń rìn kiri látọjọ́ tó ti pẹ́, kò rí èbúté. Mo ń fetí sí i. Ọkọ̀ náà pàdé ìjì. Ọkọ̀ náà rí iná lókèèrè. A ti dé iwájú ilé mi, ọkọ̀ náà ò tíì gúnlẹ̀.

"Tépù," mo ní, "ṣé o nífẹ̀ẹ́ mi ni?"

Ó di sítíárì mú. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó kéré jù."

"Ó tó mi," mo ní. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ọ̀la ni ẹ máa gbé fóòmù ìyá onílé wa wá, àbí òtúnla?"

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi sínú mọ́tò rẹ̀. N kò ní purọ́ nípa ìyẹn.

Àmọ́ ìkànnì kò jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kò sí. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò sí. Ẹni tó bá tẹ "fóòmù fún ẹ̀yìn ríro" á rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ, títí kan ọ̀kan tó ń ta fóòmù ìfọmọ́tò, kò ní rí wa. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wo bó ṣe ń yára ṣí. Mo wo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Mo wo àpótí yẹn: kò sí máàkì. Ìròyìn tí ẹ̀rọ ìṣàwárí fi ń ránṣẹ́ sí mi sọ pé ẹnì kan ti ìkànnì náà pa. Mo ní ìròyìn àtijọ́ ni, pé wọn ò tíì padà wá wò ó.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan?" mo bi Tépù.

"Rárá o."

Mo gbà á gbọ́. Ara mi ni mo ń fura sí. Mo ń rò pé bóyá àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ fún un mọ nǹkan kan tí n kò mọ̀.

Bàbá ní tiẹ̀ ti fún mi lórúkọ. "Ẹlẹ́nu dídùn ti dé," á wí bí mo bá ti wọlé. "Kí ni ti tòní? Sùúrù tútù àbí sùúrù gbígbóná?"

"Bàbá, mi ò tíì mọ ohun tó fà á."

"O mọ̀ ọ́n nígbà tó ò ń fọ́ adé mi dànù!"

Kọ́sítọ́mà ń dín kù. Ní oṣù kẹta, Bàbá ní kí Bàbá Agéfóòmù máa lọ sílé ná. Ọdún mọ́kànlélógún lọkùnrin náà ti ń gé fóòmù níbẹ̀. Ó fi aṣọ fóòmù tó ti ya wé ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń dágbére fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó kàn mí, ó ní, "Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Tépù wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí bá wa mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ bá Bàbá. Tépù ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ Bàbá rò pé ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ rà. Àǹtí padà wá bá mi nídìí káńtà, ó fa àga mọ́ra.

"Ìyàwó mi, ó ti le o. Bàbá ní láéláé."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an? Ẹ má bù ú sí méjì."

"Wọ́n ní obìnrin tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ṣé sùúrù lo máa sè fún ọmọ àwọn jẹ?"

Èmi! Èmi tí mo máa ń dá kọ́sítọ́mà padà tí n kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún inú bíbí, kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Nígbà tí mo jáde, Tépù di ọwọ́ mi mú, ó ní ìjì kì í fẹ́ títí. Mo gba ọwọ́ mi.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, iléèwé àwọn awakọ̀ ò ṣí. Mo jókòó sílé, n kò ríṣẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ Bàbá sì ń jẹ mí lára. Mo rú òfin ara mi. Mo ṣí ìkànnì àwọn oníbẹ́ẹ̀dì.

Máàkì wà nínú àpótí.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo pa á, mo tún un ṣí. Ó wà níbẹ̀. Ìkànnì yẹn ní ibì kan tó ń tọ́jú orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan padà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. N kò wo ibẹ̀ rí, torí èmi àti Tépù nìkan la ní páásíwọ́ọ̀dù. Mo wò ó wàyí. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀: Tépù yọ máàkì. Ọjọ́bọ̀ kan náà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́: Tépù fi máàkì sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Mo kà á. Ọjọ́bọ̀ mẹ́tàlá. Kí n tó dé, á ṣí i. Bí mo bá ti lọ tán, á tì í pa.

N kò pè é lórí fóònù. Mo lọ bá a. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán etí fóòmù. Nígbà tó rí mi, ẹ̀rọ ìránṣọ náà dúró.

"Ọjọ́ wo lòní?" mo bi í.

"Ìṣẹ́gun."

"Mo ti rí i."

Kò béèrè ohun tí mo rí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó fa tépù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka.

"O ní bí iṣẹ́ bá ti parí, o ti lọ nìyẹn," ó ní. "O ní o kì í rántí àdúgbò náà mọ́."

"Mo wá sọ fún ẹ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ ńkọ́? Ọjọ́bọ̀ keje nìyẹn. Mẹ́fà ṣì kù tó o tì pa lẹ́yìn ìyẹn!"

"Mo fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo rò pé bó bá ṣí lójijì, wàá béèrè ohun tó fà á. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá burú ju èyí tó lọ."

"Bàbá ẹ ń bú mi lójú ẹ."

"Mo mọ̀."

"Bàbá Agéfóòmù ńkọ́?"

Ó kàn tún ń ká tépù mọ́ ìka. Òun tó ní ọ̀rọ̀ fún ìràwọ̀, tó ní ọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi.

Ibì kan nínú mi gbóná díẹ̀ pé ẹnì kan lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n má bàa lọ. Mo bínú sí ibẹ̀ náà.

"Gbọ́," mo ní. "Mo ti yọ máàkì. Mo ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rí yín. Sọ fún bàbá ẹ kó tó dìgbà yẹn. 'Èmi ni mo tì í pa.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá sọ ọ́, màá fẹ́ ẹ. Bó ò bá sọ ọ́, mi ò ní fẹ́ ẹ."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró níwájú Bàbá. Èmi wà lórí àga mi, Àǹtí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá," ó ní, "ìgbà míì wà tí ìfẹ́ máa ń mú kí ọwọ́ èèyàn pa fìtílà tó yẹ kó máa tàn."

"Fìtílà wo?"

"Fìtílà ilé."

Bàbá wo àjà. "Ṣé iná tún ti lọ ni? Ìwọ, lọ wo mítà."

Àǹtí lọ wo mítà. Tépù dúró síbẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ti ṣe tiẹ̀. Mo pa láàptọ́ọ̀pù mi dé, mo gbé báàgì, mo lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Láti ilé ni mo ti ń bá wọn ṣe ìyókù iṣẹ́, torí mo ti gbà á, ó sì yẹ kí n parí rẹ̀. Tépù ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo máa ń kà á dé ìlà kìíní, kò sì sí "mo ti sọ fún wọn" níbẹ̀. Ìkànnì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: kejìdínlógún, kẹsàn-án, kẹrin. Iyì mi sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀ lójú Bàbá, láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí wá sílé wa, ó ń rẹ́rìn-ín látẹnu géètì. Ó bá èmi àti ìyá mi nínú pálọ̀.

"Ìyàwó mi! Fóònù ò jẹ́ ká mí mọ́! Bàbá ní kí n sọ fún ẹ pé òótọ́ lo sọ, pé sùúrù náà ni. Wọ́n ní àwọn ti gbà. Kí Tépù wá mú ọjọ́."

Ìyá mi ti dìde, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, kì í fi ìdùnnú ṣòfò.

"Ṣé Tépù ti sọ fún wọn?" mo bi Àǹtí.

Ẹ̀rín rẹ̀ rọ díẹ̀. Ó ní Tépù ti jẹ́wọ́ fún òun. "Kí ló fẹ́ sọ mọ́? Ilẹ̀kùn ti ṣí. Orúkọ ẹ ti mọ́. Ṣé a wá máa wú u síta ni?"

"Bàbá Agéfóòmù ti padà?"

"Wọ́n... Bàbá ń wá ọ̀dọ́kùnrin kan. Wọ́n ní ọwọ́ àgbà yẹn ti ń falẹ̀, pé àìsí rẹ̀ níbẹ̀ kò pa iṣẹ́ lára."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá," mo ní. "Ẹ ní mi ò gbà."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ó pé."

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi kọjú sí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwọ ò lè lọ sọ fún bàbá náà fúnra ẹ? Ṣé o ti yadi ni?"

"Kì í ṣe irọ́ mi, Màámi. Bí mo bá bá a sọ èyí, èmi láá máa bá a sọ gbogbo ìyókù títí mo fi máa darúgbó."

"O ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìwọ ò rí i pé ẹni tó ń bẹ̀rù pé o máa lọ sàn ju ẹni tó lọ lọ?"

Mo mọ ẹni tó ń sọ. Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ń bi ara mi bóyá agídí ni mo ń pè ní òtítọ́. Bóyá ọkùnrin tó gé fóòmù sí àga mi láìsọ nǹkan kan ti sọ gbogbo ohun tó lè sọ, tí èmi sì ń béèrè ohun tí kò ní lọ́wọ́. Mo ronú báyìí fún ọjọ́ mẹ́wàá. N kò pè é, inú sì ń bí mi pé kò wá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé fóòmù dúró níwájú ilé wa. Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé, ó kí ìyá mi, kò dúró kí wọ́n fún òun ní àga kó tó jókòó.

"Ìyá," ó ní, "ọmọ mi purọ́."

Ìyá mi jókòó kọjú sí i.

"Ó bá mi lórí oúnjẹ àárọ̀ lánàá. Ó ní, 'Bàbá, èmi ni mo ti ìkànnì pa, ẹ̀ẹ̀mẹtàlá. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọbìnrin yẹn. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ lé Bàbá Agéfóòmù.' Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ń retí kó fi nǹkan kún un, kò fi nǹkan kan kún un." Ó nu ojú. "Ó wù mí kí n gbá a létí, àmọ́ ó ti ga jù mí lọ. Mo gbé e sínú mọ́tò, a lọ sílé Agéfóòmù, ó sọ ọ́ níbẹ̀ náà, lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ ọkùnrin náà. Agéfóòmù máa padà lọ́la. Ó ní òun ò ní bá Tépù sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó wá yíjú sí mi. "Mo pè ọ́ ní ẹlẹ́nu dídùn. Mo ṣì í. Má bínú."

N kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà ṣe. Mo ní, "Ó ti tán, Bàbá."

"Ṣé kò ní tún un ṣe?" ìyá mi bi í.

"Mi ò mọ̀, ìyá. Ẹ̀rù máa ń bà á. Láti kékeré ni, bóyá èmi ni mo fi kọ́ ọ, torí mo máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n mo wá tọrọ ọmọ yín fún un. Bí ẹ bá kọ̀, mi ò ní bínú."

Wọ́n jọ wò mí, àwọn méjèèjì. Mo lọ síbi fèrèsé. Tépù wà nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì bíi pé ó ṣì ń wà á. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa.

"Ṣé kí n pè é wọlé?" Bàbá bi mí.

"Ẹ jẹ́ kó dúró ná," mo ní. "Ó jẹ́ kí èmi náà dúró."

Mo gbé omi tútù fún Bàbá. Mo bi í léèrè bí fóònù ṣe ń dún. Ó ní ó ń dún ju bó ṣe yẹ lọ, pé àwọn kan ń pè láti béèrè fóòmù ajá. Mo ní màá wò ó lọ́jọ́bọ̀. Mo mu omi tèmi náà, mo wá wọ bàtà, mo jáde.

Ó rí mi tí mò ń bọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó la ẹnu, mo sì dúró kí n gbọ́ irú òkun tó fẹ́ là kọjá lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Ó ṣì ń bà mí."

"Mo mọ̀," mo ní. "Sún."

Ó sún. Mo wọlé, mo jókòó tì í.